Orúkọ Victoria àti Orúkọ Àìná

(Àsọyé tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ wa ní Ìláró)

 

Àwọn baba wa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orí òwe yìí ni a ó dúró lé lónìí. Ọ̀nà tí a ó gbà lè ya yín lẹ́nu, nítorí a ó kọ́kọ́ lọ sí ààfin àwọn òyìnbó ní Yúróòpù, a ó sì ka àwọn obìnrin ọlọ́lá tí wọ́n jẹ́ orúkọ kan náà láti ìran dé ìran. Lẹ́yìn èyí ni a ó padà wá sí Òkè-Ọ̀dàn, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ẹ ní sùúrù fún wa. Ẹni tí ó bá bá wa dé òpin yóò rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni.

Ohun tí ó mú wa ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì wa ní kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́. Bí a ti ń pe orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kan, a rí i pé mẹ́ta nínú àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ni ó ń jẹ́ Victoria. A bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ orúkọ náà. Èkíní ní òun kò mọ̀ ọ́n. Èkejì ní orúkọ ọbabìnrin òyìnbó kan ni, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí ó pa ọbabìnrin náà pọ̀ mọ́ ìdílé òun. Ẹ̀kẹta dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ má bínú, sà. Àìná ni wọ́n ń pè mí nílé. Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n gbé mi lọ fún ìsàmì, àlùfáà ní kí wọ́n lọ mú orúkọ gidi wá.”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Àwa kọ́ ni àlùfáà náà, ṣùgbọ́n àwa náà ti dúró lẹ́bàá omi ìsàmì rí, a ti bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, a sì ti rán ìyá ọmọ padà lọ wá orúkọ mìíràn. Ìdáhùn ọmọ yìí gún wa lọ́kàn. Ó mú kí á lọ wádìí bí orúkọ Victoria ti rìn títí ó fi dé ilẹ̀ Yewa, àti ohun tí ó bá pàdé nígbà tí ó dé.

Ọ̀rọ̀ èdè Látìn ni Victoria. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìṣẹ́gun. Kí Ìhìn Rere tó gbilẹ̀ ní Róòmù, òrìṣà ìṣẹ́gun ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́ pẹpẹ rẹ̀ sínú ilé ìgbìmọ̀ wọn, àwọn ìgbìmọ̀ a sì máa sun tùràrí níbẹ̀. Ní ọdún 382 ni Ọba Gratian, tí í ṣe onígbàgbọ́, pàṣẹ pé kí wọ́n gbé pẹpẹ náà kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ kò ju orúkọ náà nù. Wọ́n fún un ní ìtumọ̀ tiwọn, nítorí wọ́n gbà pé Kristi ti ṣẹ́gun ikú. A kò sọ èyí láti bu orúkọ náà kù. A sọ ọ́ kí ó lè hàn sí wa pé kò sí orúkọ tí ó ti ọ̀run wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé onígbàgbọ́ ni òun. Orúkọ òrìṣà Róòmù rí àyè níbi ìsàmì. Àìná, tí kì í ṣe orúkọ òrìṣà kankan, kò rí àyè.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn obìnrin ọlọ́lá náà. Ní ìlú Coburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ni a ti bí ọmọ ọba kan ní 1786. Victoire wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bí àwọn Faransé ti ń pe Victoria nìyẹn. Nígbà tí ó dàgbà, tí ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì kú, ó fẹ́ ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Duke ti Kent ní 1818. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó bí ọmọbìnrin kan.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà kò rọgbọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1819 ni wọ́n péjọ sí ààfin Kensington ní Lọ́ńdọ̀nù. Baba ọmọ àti ìyá ọmọ ti ní orúkọ púpọ̀ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n baba ọmọ, tí ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà nígbà náà tí ó sì di Ọba George Kẹrin lẹ́yìn èyí, kò gbà. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní Georgiana, nítorí òun kò fẹ́ kí orúkọ òun bá orúkọ ọba Rọ́ṣíà du ipò. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní Charlotte, nítorí orúkọ ọmọ òun tí ó kú ní 1817 ni. Níkẹyìn ó ní kí wọ́n pè é ní Alexandrina, nítorí Alexander ọba Rọ́ṣíà tí í ṣe baba ìsàmì rẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Báyìí ni ọmọ náà ṣe di Alexandrina Victoria. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jókòó níbi tí ẹbí ti ń jà lórí orúkọ ọmọ tuntun, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí àgbàlá wa nìkan.

Nígbà tí ó wà ní kékeré, Drina ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Orúkọ àjèjì ni Victoria jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n pa á rọ́ fún un kí ó tó gun orí oyè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1837, nígbà tí ó jọba ní ọmọ ọdún 18, ó fi orúkọ ọba Rọ́ṣíà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì mú orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú lọ́kàn. Obìnrin tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó ń jẹ́. Kò tijú pé orúkọ náà ṣàjèjì sí etí àwọn tí ó ń ṣe àkóso lé lórí. Wọ́n kọ́ ọ, ó sì mọ́ wọn lẹ́nu.

Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń yọmọ. Ọbabìnrin náà sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Victoria ní 1840. Ọmọ yìí ni ó di aya olú-ọba Jámánì ní 1888. Ọmọ rẹ̀ mìíràn, Alice, bí Victoria ti Hesse ní ààfin Windsor ní oṣù kẹrin ọdún 1863. Ọmọ-ọmọ Victoria ti Hesse yìí ni Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Àrẹ̀mọ rẹ̀ ọkùnrin náà bí Victoria kan ní 1868. Aya olú-ọba Jámánì bí Victoria kan ní 1866. Ọmọ Ọbabìnrin tí í ṣe ọ̀gágun ojú omi bí Victoria kan ní 1876. Beatrice, tí í ṣe àbíkẹ́yìn, bí Victoria Eugenie ní 1887. Èyí ni ó di ayaba Sípéènì ní 1906. Títí di òní olónìí, ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn baba rẹ̀ ní ilẹ̀ Swídìn, tí a bí ní 1977, Victoria ni ó ń jẹ́, ìran Ọbabìnrin náà sì ni.

Ẹnìkan yóò bèèrè pé, bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ orúkọ kan, báwo ni wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀? Gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe ni. Wọ́n fún olúkúlùkù ní àlàjẹ́. Wọ́n pe aya olú-ọba Jámánì ní Vicky. Wọ́n pe ọmọ rẹ̀ ní Moretta. Wọ́n pe èyí tí a bí ní 1868 ní Toria. Wọ́n pe èyí tí a bí ní 1876 ní Ducky, èyí tí í ṣe pẹ́pẹ́yẹ! Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọba tí ó ń jẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ nínú ilé. A kò gbọ́ pé ó bínú sí i. Ducky yìí kan náà tún ń jẹ́ Melita, nítorí erékùṣù Malta ni a ti bí i, èyí tí Bíbélì pè ní Melita, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù mímọ́ ti fọ́. Kí ni èyí bí kò ṣe Abíọ́nà tàbí Tòkunbọ̀ tiwa? Ayaba Sípéènì ní tirẹ̀, Ena ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é.

Láti inú gbogbo èyí a kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta nípa àwọn obìnrin wọ̀nyí. Èkíní, olúkúlùkù wọn mọ ẹni tí ó jẹ́ orúkọ náà ṣáájú òun, ó sì lè ka àwọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn títí dé Coburg. Èkejì, wọn kò jẹ́ kí orúkọ ńlá pa orúkọ ilé run. Ẹ̀kẹta, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwa tí a wà ní Ìláró fi lè ka orúkọ ìnagijẹ ọmọ wọn lónìí. Ohun ìní ni orúkọ jẹ́ lọ́wọ́ wọn, bí ilẹ̀ àti bí oko.

Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ náà jáde kúrò nílé, ó di nǹkan mìíràn. Àwọn òyìnbó fi í sórí adágún omi ńlá ti ìlà oòrùn Áfíríkà, wọ́n fi í sórí omi tí ó ń dà láti orí àpáta lójú odò Zambezi, bí ẹni pé àwọn tí ń mu omi wọ̀nyí kò tí ì fún wọn lórúkọ rí. Ní 1858 àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi fi í sọ ìlú kan ní etí òkun Kámẹ́rúùnù. Ó di 1982 kí ìlú náà tó di Limbe. Wọ́n fi í sọ ènìyàn pẹ̀lú. Ní 1852 wọ́n ṣe ìsàmì fún ọmọbìnrin ọba Coorg ní ilẹ̀ Íńdíà, tí í ṣe Gouramma. Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ni ìyá ìsàmì rẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Orúkọ tí ó jẹ́ ogún ìyá nínú ilé di àmì olówó lára ẹrù níta.

Níhìn-ín ni ọ̀nà wa ti yí padà sílé.

Ní 1848 àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lábẹ́ Ọba Gezo, kọlu Òkè-Ọ̀dàn. Àwọn àgbà ilẹ̀ Yewa kò nílò kí á máa sọ bí ogun Dàhòmì ti rí. Ó bá púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa, ó sì fọ́n àwọn ènìyàn wa ká. Wọ́n pa baba àti ìyá ọmọbìnrin kékeré kan tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ, wọ́n sì mú un lọ sí Àgbómè. Nítorí ilà ojú rẹ̀, àti nítorí pé wọn kò tà á bí wọ́n ti ta àwọn yòókù, àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ gbà pé ọmọ ilé ọlá ni. Wọ́n ní ẹbọ ọdọọdún ni ọba fi í pamọ́ dè. Orúkọ rẹ̀ ni Àìná.

Ẹ̀yin ìyá wa mọ ohun tí Àìná jẹ́. Kì í ṣe orúkọ tí baba yàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ tí ìyá fẹ́ràn. Àmútọ̀runwá ni. Ọmọbìnrin tí ó bá wáyé tí ìwọ́ rẹ̀ sì yí i lọ́rùn, Àìná ni. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjò ni. Nítorí náà ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ bí ọmọ náà ti wọ ayé: pé ó bá ewu wá, pé ikú fẹ́ dì í lọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà, pé ó sì yè é. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa irú orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn yìí yè é ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó yè é ní ọjọ́ ogun, ó sì ku ìgbà kẹta.

Ní 1850 ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ sí Àgbómè láti bẹ Ọba Gezo kí ó dẹ́kun òwò ẹrú. Gezo kò dẹ́kun, ṣùgbọ́n ó fún un ní ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria, Àìná sì wà nínú ẹ̀bùn náà. Ó yè é nígbà kẹta. Forbes mú un dé Àgbádárìgì, níbẹ̀ ni àwọn oníwàásù ti ṣe ìsàmì fún un. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah. Wọ́n fi Forbes kún un, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀. Wọ́n fi Bonetta kún un, orúkọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará, a kò gbàgbé oore. Forbes gba ọmọ yìí lọ́wọ́ ikú, Ọlọ́run yóò sì san án fún un. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan sọ bí ọmọ ti wá sáyé. Èkejì sọ ọkọ̀ tí ó gbé e.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1850 ó dé iwájú Ọbabìnrin ní Windsor. Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀ fún òye rẹ̀, ó sì gba ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ra. Ní 1851 wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí í ṣe ti ìjọ C.M.S. ní Freetown, nítorí òtútù ilẹ̀ òyìnbó kò bá a lára mu; ní 1855 ó padà, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ Àlùfáà Schön ní Kent, ẹni tí ó ti bá Àjàyí Crowther rin ìrìn àjò odò Ọya ní 1841. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, ní ìjọ Nicholas mímọ́ ní ìlú Brighton, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró.

Ní ọjọ́ náà ni ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé ìgbéyàwó wọn, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sarah. Ina ni ó ṣáájú, bí etí àwọn òyìnbó ti gbọ́ Àìná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sarah Forbes Bonetta tó dé. Ọdún 14 ti kọjá tí wọ́n ti mú un kúrò ní Òkè-Ọ̀dàn. Kò sí baba, kò sí ìyá, kò sí ẹbí kan nínú ilé Ọlọ́run náà tí ó lè pè é bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, òun nìkan ni ó sì lè mú un wá. Ní ọjọ́ tí obìnrin ń fi orúkọ ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé ọkọ, ó fi orúkọ tí ó gbé ti ọ̀run wá síwájú, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹni tí ń lọ.

Ní 1863, ní ọdún kan náà tí a bí Victoria ti Hesse ní Windsor, Àìná bí ọmọbìnrin ní Èkó. Ọbabìnrin gbà kí wọ́n fi orúkọ òun sọ ọ́, ó di ìyá ìsàmì rẹ̀, ó sì fi ago wúrà ránṣẹ́ sí i. Victoria Davies ni ọmọ náà. Ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ Dókítà John Randle ti Èkó ní 1890, ó sì kú ní 1920. Ṣé orúkọ Victoria sọ ọ́ di òyìnbó? Rárá o. Nígbà tí akọrin ńlá nì, Samuel Coleridge-Taylor, ń kó orin àwọn ènìyàn dúdú jọ sínú ìwé orin rẹ̀ tí ó jáde ní 1905, Victoria Randle ni ó fún un ní ohùn orin Yorùbá tí a ń pè ní Oloba. Ọmọ Àìná mọ ilé. Nítorí náà orúkọ àlejò kò ṣì í lọ́nà.

Àìná kò pẹ́ láyé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní erékùṣù Madeira ní oṣù kẹjọ ọdún 1880. Ọkọ rẹ̀ gbé òkúta ìrántí kan ró fún un ní oko rẹ̀ ní Ijon, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, níbi tí ó ti gbin kòkó. Ṣùgbọ́n ìtàn orúkọ rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kejì, Stella, bí ọmọbìnrin kan fún Herbert Macaulay. Herbert Macaulay yìí, ìyá rẹ̀ ni Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ẹ kò sì gbàgbé pé Crowther náà, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, àmútọ̀runwá ni òun pẹ̀lú: Àjàyí, ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wáyé. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un ní 1825, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Àjàyí sọnù, orúkọ náà sì ni gbogbo Yorùbá fi mọ̀ ọ́n. Àìná àti Àjàyí, ọmọ méjì tí ogun kó, pàdé nínú ọmọ kan. Kí ni wọ́n sọ ọ́? Sarah, nítorí ìyá ìyá rẹ̀, Abigail, nítorí ìyá baba rẹ̀, àti Ìdòwú. Ìdòwú, orúkọ ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì! Orúkọ àmútọ̀runwá tún yọ lórí ìran náà, bí èéhù tí í yọ lára igi tí iná ti jó kọjá.

Ọmọ-ọmọ Sarah Abigail Ìdòwú yìí ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tí ó dúró ṣinṣin ní Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, tí kò jẹ́ kí aláìsàn Ebola jáde kúrò ní ilé ìwòsàn wọ àárín ìlú, tí ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Bí a bá ka Àìná sí ìran kìíní, òun ni ìran karùn-ún. Ẹ wo Stella láàrin orúkọ rẹ̀. Ìdílé yìí ń ṣe ohun tí ìdílé Coburg ń ṣe: wọ́n ń gbé orúkọ ìyá fún ọmọ, wọ́n sì mọ ẹni tí ó ni ín. Ilẹ̀ Yewa ni orísun odò náà. Mélòó nínú wa ni ó ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa?

Ẹnìkan lè dìde kí ó wí pé asán ni gbogbo èyí, pé orúkọ kì í fi oúnjẹ sínú ikòkò. A dá a lóhùn pé, orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Àwa tí a wà ní ẹkùn yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ní 1995 ni a fi Ẹ̀gbádò sílẹ̀ tí a sì gba Yewa, orúkọ odò wa, nítorí a kò fẹ́ kí á máa fi orúkọ tí ó sọ wá di ìyókù ẹlòmíràn pe ara wa. Bí orúkọ ẹkùn bá tó ohun tí a ń ṣe ìpàdé lé lórí, orúkọ ọmọ kò ha tó bẹ́ẹ̀?

Ẹlòmíràn lè wí pé, nítorí náà, kí gbogbo Victoria sọ orúkọ wọn nù. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó àtijọ́, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn: Àlùfáà David Brown Vincent di Mojola Agbebi ní 1894. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni a wá bẹ̀bẹ̀ fún. Dáníẹ́lì gba orúkọ mìíràn ní Bábílónì lọ́wọ́ olórí àwọn ìwẹ̀fà. Ó dáhùn sí i ní ààfin, ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì ni ó wà lórí ìwé rẹ̀ títí di òní. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹni tí ó bá ń jẹ́ Victoria mọ Victoria tí ó ń jẹ́, kí ó má sì fi Àìná san owó rẹ̀.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ ẹgbẹ́ yìí. Èkíní, kí ẹ̀yin òbí mú orúkọ ilé wá síbi ìsàmì láìbẹ̀rù, àti níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Kí ẹ kọ ọ́ tòhun tòhun, nítorí Ina kì í ṣe Àìná, ètè àlejò ni ó gé e kúrú. Èkejì, kí olúkúlùkù ìdílé ra ìwé kan, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ pẹ̀lú oríkì rẹ̀ àti ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ìyá àgbà tó lọ. Àwọn ọmọ ọba òyìnbó ní ìwé fún Pẹ́pẹ́yẹ wọn. A kò ní ìwé fún Àìná wa. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Yewa, ní Ìláró, ní Ayétòrò àti ní gbogbo ìlú wa, kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ọmọ Òkè-Ọ̀dàn yìí.

Ní ti àwa fúnra wa, a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin nì dáhùn nínú kíláàsì wa, a mú kálámù, a sì fi Àìná ṣáájú Victoria nínú ìwé ìpè orúkọ. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá kan bá gbé ọmọ wá síbi omi ìsàmì tí ó sì ní Àìná ni, tàbí Òjò, tàbí Ìdòwú, àwa a máa tẹ́tí sí i dáadáa kí á lè pè é bí ó ti yẹ. A kò tún rán ẹnikẹ́ni padà sílé lọ wá orúkọ gidi mọ́.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí orúkọ wa parẹ́ lórí ilẹ̀ àwọn baba wa.